Òdo Tó Wà Níwájú Nọ́ńbà Èkó

Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa ní ilẹ̀ Benin fi 01 ṣíwájú nọ́ńbà fóònù wa, inú bí àwọn ará àdúgbò mi. Àwọn kan tò sẹ́nu ọ̀nà ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́bàá ọjà Adja-Ouèrè, kí ó lè bá wọn fi òdo àti ọ̀kan kún gbogbo orúkọ tó wà nínú fóònù wọn. Àwọn mìíràn ń ṣépè fún ẹni tó kọ́kọ́ ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mò ń rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe pé mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá rí ojúlùmọ̀ kan tí kò rí láti ìgbà èwe, tó gba ọ̀nà mìíràn wọ̀lú, tó wọ aṣọ mìíràn, ṣùgbọ́n tí ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Mo mọ 01. Ó ti gbé nínú agbo ilé wa rí, lára ògiri yàrá Màmá, níbi tí mo fi èédú kọ ọ́ sí, ní ọdún tí Bàbá mi lọ sí Èkó.

Agbo ilé wa wà ní ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí Tatonnonkon, oko àgbàdo lápá kan, ọ̀pẹ lápá kejì. Òkúta Ìyá Àgbà ni etí mi kọ́kọ́ máa ń gbọ́ láràárọ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi ọsàn, á máa pa èkùrọ́: kò, kò, kò, á dákẹ́ díẹ̀ kí ó lè ṣa ọmọ inú rẹ̀ kúrò nínú èèpo, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá dùn, ìpa náà a máa lọ déédéé bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń ti oko bọ̀. Bí nǹkan bá ń dùn ún, ìró kan á jìnnà sí èkejì. Lẹ́yìn òkúta yìí ni ìgbálẹ̀ mi máa ń dáhùn, lẹ́yìn náà ọlọ ata Màmá, lẹ́yìn náà igbe àbúrò mi obìnrin tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. A ó mu ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, n óò sì gba ilé ìwé lọ. Bí mo bá dé, igbá èkùrọ́ kan ń dúró dè mí kí n tó lè ṣeré. Ìyá Àgbà a máa kà á lẹ́yìn mi. Ó ní ẹni tí kò ka èkùrọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní mọ èyí tí ewúrẹ́ jẹ. Mo rò nígbà náà pé ahun ló ń ṣe. Nísinsìnyí tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ka nọ́ńbà fóònù ìlú káàkiri bí ẹlòmíràn ti ń ka ìtàn, mo mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ.

Òjò pẹ́ lọ́dún náà, iṣẹ́ sì wọ́n. Bàbá mi jẹ́ bíríkìlà, èyí tí à ń pè ní màsọ́ọ̀n lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó di pé kò sẹ́ni tó ń kọ́lé mọ́ láti Adja-Ouèrè títí dé Pobè, ó di ṣíbí tó fi ń rẹ́ ògiri sínú àpò, ó ní òun ń lọ sí Èkó. Mo dúró nítòsí nígbà tó ń bá Màmá sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá Àṣàkẹ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí yín kúrò nídìí ọ̀pẹ wa. Bí mo bá ti rí ibi tí ẹ ti lè gbọ́ ohùn mi, màá ránṣẹ́." Àṣàkẹ́ ni èmi. Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa ọ̀pẹ yìí kò yé mi lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí àgbàdo wa ti ga dé orúnkún, obìnrin kan tó máa ń kó epo lọ sí Èkó mú bébà kékeré kan wá. Nọ́ńbà fóònù kan ló wà lórí rẹ̀, òǹkà mẹ́sàn-án, òdo àti ọ̀kan ló ṣíwájú. Obìnrin náà ní ọ̀gá Bàbá, ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì, ló ni fóònù náà, orí tábìlì ló sì wà. Ó ní Bàbá yóò máa jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ ọjà wa, nígbà tí oòrùn bá dé àtàrí. Èmi nìkan ni mo mọ̀wé nínú ilé, nítorí náà èmi ni mo ka bébà náà sókè. Mo tún fi èédú kọ ọ́ sára ògiri. Màmá di bébà náà mọ́ etí ìró rẹ̀, ó gbàgbé, ó fọ ìró náà lódò lọ́jọ́ kejì, bébà sì di ẹ̀kọ.

Ìyá Àgbà kò gbẹ́kẹ̀ lé bébà tẹ́lẹ̀, kò sì gbẹ́kẹ̀ lé ògiri. Láyé tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́ a máa fi àrokò dì í. Ó mú okùn ọ̀gbọ̀, ó fi irin gbígbóná lu èkùrọ́, ó ní kí n máa pe nọ́ńbà náà fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ní mẹ́ta, á sin èkùrọ́ mẹ́ta, á ta kókó okùn. Bí mo bá ní méje, á sin méje. Ṣùgbọ́n òdo ló kọ́kọ́ bá pàdé. Ó béèrè pé èwo ni òdo. Mo ní kì í ṣe nǹkan kan. Ó wò mí títí, ó ní, "Bí kì í bá ṣe nǹkan kan, kí ló dé tí bàbá rẹ fi kọ ọ́?" Ó wá ìkarahun ìgbín kékeré kan lábẹ́ igi ọsàn, èyí tí ìgbín ti kú kúrò nínú rẹ̀, ó sì sin ín síwájú gbogbo èkùrọ́. Ó ní ilé tí onílé kò sí nínú rẹ̀, ilé náà ni. Ó gbé àrokò náà kọ́ sórí ìṣó lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀.

Kàbín kan ṣoṣo tí a mọ̀ ní Adja-Ouèrè nígbà náà jẹ́ yàrá onípákó tí a ti ń sanwó pe fóònù, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ojú ọ̀run, lẹ́bàá ọjà. Obìnrin Ègùn kan, ọmọ Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Benin, ló ń ṣe é, gbogbo wa ń pè é ní Tàtá Kàbín. Ó mọ nọ́ńbà Kútọnu àti Àjàṣẹ́ lórí, ó sì máa ń pe Abidjan àti Libreville fún àwọn tí ọmọ wọn wà níbẹ̀. Èkó nìkan ni kò sẹ́ni tó máa ń ní kó pè. Èkó kò jìnnà. Ẹni tó bá fẹ́ rí ará Èkó a wọ ọkọ̀. Lọ́jọ́ ọjà, èmi àti Màmá rìn débẹ̀, àbúrò mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Tàtá tẹ òdo méjì tí a fi ń jáde kúrò nílùú, ó tẹ 234 tó jẹ́ ti Nàìjíríà, ó sì tẹ ohun tí mo pè fún un láti orí òdo dé òpin. Ohùn obìnrin kan ló dáhùn lédè Faransé. Tàtá túmọ̀ rẹ̀ fún wa, ó ní obìnrin náà sọ pé nọ́ńbà tí a béèrè kò sí.

A padà lọ ní ọjọ́ ọjà kejì. Obìnrin náà tún sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà kẹta, Màmá kò dúró kí Tàtá túmọ̀. Ó ti mọ orin náà lórí. Ó tún ọ̀já ọmọ dì, ó sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n. A kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Kò pẹ́ tí Bàbá Ikpinlè fi gbọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, Ikpinlè ló ń gbé, ó sì fẹ́ràn wa. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀dájú ni. Ó gbé alùpùpù rẹ̀ ti igi ọsàn, ó jẹun tán, ó sì sọ fún Ìyá Àgbà ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ọkùnrin tó bá fún ìyàwó rẹ̀ ní nọ́ńbà tí kò sí, kò fẹ́ kí ó rí òun ni. Ó ní bí Akànní, àbúrò òun, kò bá fọhùn kí àgbàdo tó yọ ọmọ, òun yóò kó wa lọ sí Ikpinlè, ẹlòmíràn yóò sì máa tọ́jú ilẹ̀ àti ọ̀pẹ wa, nítorí obìnrin méjì àti ọmọ kékeré kò lè dá oko náà ro. Màmá kúnlẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, mo gbọ́," nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ, òkúta Ìyá Àgbà kò dún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Bébà ti bàjẹ́. Ohun tó wà lára ògiri, ẹnu mi ló ti jáde. Ohun tó wà lórí okùn, ẹnu mi náà ló ti jáde. Bí mo bá ti ka méje bí ọ̀kan, èmi ni mo pa Bàbá mi rẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí oko lójoojúmọ́ láti wo ìdí àgbàdo, bóyá ó ti fẹ́ yọ ọmọ. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró létí ọ̀nà Pobè lẹ́yìn ilé ìwé, kí n lè ka nọ́ńbà fóònù tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Nàìjíríà bọ̀. Mo ń kọ wọ́n sẹ́yìn ìwé ìṣirò mi. Bí mo ṣe mọ̀ pé gbogbo ọkọ̀ Èkó ló ń gbé 01, tí ti Ìbàdàn sì ń gbé 02, nìyẹn. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀: n kò tíì ṣi orí rẹ̀ kà. Ṣùgbọ́n bí orí bá tọ́ tí ìyókù náà tọ́, kí ló dé tí obìnrin Faransé yẹn ń sẹ́ wa?

Ilé aránṣọ kan lẹ́bàá ilé ìwé wa ni mo ti rí i. Kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ aláṣọ kan láti Èkó wà lára ògiri rẹ̀, ti ọdún tó ti kọjá, tí aránṣọ náà kò yọ nítorí àwòrán obìnrin tó wà lórí rẹ̀. Nísàlẹ̀ àwòrán náà ni nọ́ńbà wà lẹ́ẹ̀mejì. Ti òkè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 01. Ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 234, lẹ́yìn náà 1, lẹ́yìn náà ìyókù gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lókè, wọn kò yàtọ̀ síra rárá. Mo fi ìka tọ wọ́n lọ, mo tún fi ìka tọ wọ́n bọ̀. Òdo nìkan ni kò sí nísàlẹ̀. Aránṣọ náà béèrè pé kí ni mò ń fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ pa lára obìnrin òun. Mo ti ń sáré lọ sílé.

Mo ní kí Ìyá Àgbà yọ ìkarahun ìgbín kúrò lórí okùn. Ó kọ̀. Ó ní ẹni tó gba àrokò kì í yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ ti yí ẹnu ẹni tó ránṣẹ́ padà. Mo jókòó sílẹ̀, mo ṣàlàyé bí mo ti lè ṣe é. Mo ní òdo yẹn dà bí ilẹ̀kùn tí àwọn ará Nàìjíríà ń ṣí bí wọ́n bá fẹ́ pe ìlú kan láti ìlú mìíràn nínú ilẹ̀ wọn. Àwa kò sí nínú ilẹ̀ wọn; 234 ni ẹnu ọ̀nà tiwa. Ilẹ̀ wa kò ní irú ilẹ̀kùn inú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà náà, nọ́ńbà mẹ́fà péré ni tiwa, bákan náà ni a sì ń tẹ̀ ẹ́ láti ibikíbi. Ìdí nìyí tí Tàtá kò fi mọ̀. Ìyá Àgbà pa èkùrọ́ mẹ́ta kí ó tó fèsì. Ó ní, "Àlejò tó ti gba ẹnu ọ̀nà ńlá wọlé kì í tún kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn." Ó mú àrokò náà, ó fi àtàǹpàkò bo ìkarahun náà mọ́lẹ̀, ó ní, "N kò yọ ọ́ o. Mo kàn ní kó sinmi ni."

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ bá wa lọ. Tàtá Kàbín rí arúgbó tó gbé okùn èkùrọ́ lọ́wọ́, ó béèrè bóyá èkùrọ́ ló fẹ́ tà. Nígbà tí mo sọ ohun tí a bá wá, ó ní ọmọ tí kò tíì ga dé orí tábìlì òun fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́. Ìyá Àgbà ní, "Tẹ ohun tí mo bá kà, ìyàwó mi. Bí kò bá dún, kí o máa fi wá rẹ́rìn-ín." Tàtá tẹ òdo méjì, ó tẹ 234. Ìyá Àgbà fi àtàǹpàkò bo ìkarahun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka èkùrọ́ láti orí ọ̀kan, kókó okùn kan lẹ́yìn èkejì. Obìnrin Faransé kò sọ̀rọ̀. Ohun tí a gbọ́ ni ariwo gígùn kan, bí ẹyẹlé tó ń ké nínú ihò, ó dákẹ́, ó tún ké.

Ọkùnrin kan gbé e. Ó ń pariwo débi pé gbogbo wa ń gbọ́ ọ láti inú ẹ̀rọ náà. Ó béèrè ta ni. Ìyá Àgbà ní ìyá Akànní ni, kí ó fún òun ní ọmọ òun.

"Akànní wo? Akànní Ègùn?"

"Ègùn ta ni? Ọ̀họ̀rí ni ọmọ mi. Pè é wá. Bó bá di ọjọ́ mìíràn, èmi àti ìwọ á jà á tán."

Ègùn ni àwọn ará Èkó ń pe gbogbo ará Benin. Tàtá, tó jẹ́ Ègùn gidi, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ni ohùn Bàbá dé, ó kéré, ó jìnnà, ó ní, "Ìyá, mo rò pé ẹ ti bínú sí mi ni. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mò ń jókòó síbí." Ìyá Àgbà na ẹ̀rọ náà sí Màmá. Màmá dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo rò pé yóò sọ fún un nípa Ikpinlè, nípa obìnrin Faransé, nípa ọ̀nà tí a rìn láìsọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ ti jẹun?" Kí wọ́n tó parí, nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ikpinlè, Bàbá ní kí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n òun pé òun ń bọ̀ wá kórè àgbàdo òun.

Ó sì wá. Bàbá Ikpinlè tilẹ̀ ti bá wa ro oko náà kí Bàbá tó dé, ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òdo kan ló gbé àbúrò òun pamọ́.

Láti ọdún yẹn ni mo ti ń tọ 01 lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà, ara ọkọ̀ àti ìwé nọ́ńbà àtijọ́ ni ilé ìwé mi. Ẹni tó ní 01 tirẹ̀ nígbà náà, ó ní tábìlì, ó ní ilé tí tábìlì náà dúró sí, ó sì ní okùn tó ti ara òpó wọlé wá bá a. Àwọn oníṣòwò a máa kọ ọ́ gàdàgbà sára ọkọ̀ kí ayé lè mọ̀ pé Èkó ni wọ́n ti wá. Nígbà tí fóònù àpò dé pẹ̀lú 080, Èkó kò tún ní nọ́ńbà tirẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn mọ́. Ẹni tó wà ní Èkó àti ẹni tó wà ní Kánò ń jẹ́ orúkọ kan náà. 01 kù sára báńkì àti ilé iṣẹ́ ńláńlá. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n sọ òun náà di 0201. Tiwa ti kúrò ní mẹ́fà, ó ti di mẹ́jọ, nígbà tí Èkó sì bọ́ 01 sílẹ̀ tán, àwa gbé e wọ̀, tiwa di mẹ́wàá. Mo ṣàlàyé èyí fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, àti fún ọ̀pọ̀ tí kò fẹ́.

Ìyá Àgbà ti lọ, Bàbá náà ti lọ. Màmá ń gbé lọ́dọ̀ mi, ó ní fóònù kékeré olóbọ́tìnì kan, lórí rẹ̀ ni ọmọ mi Mojí, tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Èkó, máa ń pè é ní ọjọ́ ọjà. Lẹ́yìn tí 01 wọlé, ọjọ́ ọjà méjì kọjá, Mojí kò pè. A pe nọ́ńbà tirẹ̀, kò lọ. Mo sọ fún Màmá pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo sì ti sọ fún Mojí ṣáájú pé kí ó fi 01 kún nọ́ńbà wa. Màmá kò jà. Ó kàn ń gbé fóònù náà dání kiri, ó gbé e wọ ilé ìdáná, ó gbé e lọ sídìí ọ̀pẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo sọ àrokò Ìyá Àgbà kalẹ̀ kí n lè fi rán an létí pé a ti la irú èyí kọjá rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí a ti ń kà á. Màmá ń wo ọwọ́ mi.

Ó ní, "Àṣàkẹ́, ta ló kọ́ Mojí bí a ṣe ń pe ènìyàn láti ìlú òkèèrè?"

Mo ní èmi ni. Láti kékeré ni mo ti fi okùn yìí kọ́ ọ.

"Kí lo kọ́ ọ pé kó ṣe sí òdo?"

Mo wo ọwọ́ mi. Àtàǹpàkò mi wà lórí ìkarahun ìgbín.

Ó ní, "Gbé e kúrò."

Òdo 01 tiwa ní Benin kì í ṣe ilẹ̀kùn inú ilé bíi ti Èkó. Ara nọ́ńbà gan-an ni, a kì í yọ ọ́ bó ti wù kí ènìyàn jìnnà tó. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ọjà, n kò sì sọ ọ́ fún ọmọ mi. Mo ṣa ìkarahun ìgbín tuntun kan lábẹ́ igi ọsàn, mo fi bébà wé e, mo kọ ọ́ sínú bébà náà pé, "Fi í sílẹ̀ níwájú," mo sì fi rán awakọ̀ kan tó mọ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá Mojí. Awakọ̀ náà béèrè bóyá oògùn ni. Mo ní òdo ni.

Oòrùn wà ní àtàrí lọ́jọ́ ọjà, Màmá ń ṣa èkùrọ́, nígbà tí fóònù kékeré náà dún. A gbọ́ pé wọ́n ti jí fóònù Mojí, pé ó ti gba nọ́ńbà tuntun, pé ó ti ń pè wá láti ọjọ́ yìí tí obìnrin kan sì ń sọ fún un pé àwa kò sí. Màmá fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú.

Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"